Àwa Ni Ẹrù Tí Wọ́n Fi Ń Dán Ilẹ̀kùn Píkọ́ọ̀pù Wò

"Ìyá Sídì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá Wàsíù sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn ọ̀tún píkọ́ọ̀pù tó ń tún ṣe yẹn fò ṣí lójú mi lánàá, bó ṣe gun bọ́ǹpù tó wà nítòsí ilé epo ní Alákìà báyìí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Kó má gbé ọmọ kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn o."

Bàbá Ṣẹ́gun, aládùúgbò mi ní Mọ́níyà, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ọmọ ìjọ Kérúbù ni wọ́n. Wọ́n fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu, wọn kì í sì í ṣe ẹni tó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Mo gbé àwo ẹ̀kọ tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, n kò sì lè jẹ ẹ́ mọ́. Iléyá ku ọjọ́ méjìlá. Wàsíù ọmọ mi ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé inú píkọ́ọ̀pù bàbá bàbá wọn ni wọ́n máa wọ̀ lọ sí abúlé wa lọ́nà Akanran. Èyí tó kéré jù nínú wọn, Àmínà, ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló máa ń fẹ́ jókòó sí nínú ọkọ̀ yòówù kó jẹ́, kó lè máa na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń hú ọkọ̀ àtijọ́ jáde láti inú koríko, tí ẹ ń lu ara rẹ̀ nà, tí ẹ ń kùn ún ní ọ̀dà tuntun, ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí. Ó ti rẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mọ́ mi láti sọ. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí ti Wàsíù, ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀, nítorí láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní mọ ohun tí mo ń bẹ̀rù.

Ọkọ mi, Bàbá Sídì, panẹ́bítà ni wọ́n. Àwọn ló ń lu ara ọkọ̀ tó bá tẹ̀ títí á fi nà padà, tí wọ́n sì ń to ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà, ìyẹn irin tó bo táyà iwájú, títí gbogbo rẹ̀ á fi bára mu. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò ju páànù mélòó kan tí wọ́n tẹ́ sórí òpó lẹ́yìn ọjà Mọ́níyà. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ògiri páànù kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Bí mo bá ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ, tí àwọn náà ń lu irin, ó máa ń dà bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Bí òòlù bá dákẹ́ pẹ́, mo máa ń gbé orí sókè, torí mo mọ̀ pé wọ́n ti dé ibi tí kò gba lílù mọ́, ibi tí ojú nìkan ti ń ṣiṣẹ́.

Nígbà náà, píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo lè máa sin abúlé mẹ́ta. Òun ló ń kó gbágùúdá, kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sọ́jà. Òun ló ń gbé aláboyún lọ sílé ìwòsàn. Òun náà ló ń gbé òkú padà wálé. Bí àwọn ìjọ Aládùúrà bá ń ṣe ìkórè, wọ́n á to iṣu, elégédé àti adìyẹ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì máa lu agogo lórí rẹ̀ títí wọ́n á fi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ọjọ́ tó ń rìn lófìfo. Ohùn ilẹ̀kùn wọn la fi ń dá wọn mọ̀. Èyí tí wọ́n bá pa dé tó dún "gbì" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi nìyẹn. Èyí tó bá dún "gàràgàrà", tí wọ́n tún ní láti fi ìdí tì í kó tó há, ibòmíràn ni wọ́n ti tún un ṣe, àwọn ọmọdé á sì máa sín in jẹ lójú títì.

Lónìí, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ márúwá ló kún ojú ọ̀nà náà. Ẹni tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ á lọ ra tòkunbọ̀ mìíràn, wọ́n á dè é mọ́ ọn kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ó parí. N kò sọ pé ti àtijọ́ dára jù. Ọkọ̀ àtijọ́ pa èèyàn tó pọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ náà ní ètò, ètò náà sì ní ìdí.

Ètò náà nìyí bí mo ṣe rí i lójoojúmọ́. Ẹ̀yìn ni ọkọ mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀ bọ̀ wá síwájú. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ilé awakọ̀ wò, bóyá ó jókòó dáadáa lórí ṣaasí, ìyẹn egungun irin abẹ́ ọkọ̀, bóyá àwọn rọ́bà tó wà láàárín wọn kò tíì rà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ilẹ̀kùn kọ́, wọ́n á sì wo bí etí rẹ̀ ṣe bá òpó ẹ̀yìn mu. Ẹ̀yìn ìyẹn ni fẹ́ńdà, tí wọ́n á fi bá ilẹ̀kùn mu. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ló máa ń kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti iwájú bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá dé ilẹ̀kùn, kò ní sí àyè mọ́, gbogbo rẹ̀ á sì di títú palẹ̀. Wọ́n kì í gbé ilẹ̀kùn tí kò ní gíláàsì kọ́, torí tí gíláàsì bá wọ inú rẹ̀, ó máa wúwo sí i, ó sì máa rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

Ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀ ni wọ́n fi ń wọn àyè tó wà láàárín irin kan àti èkejì. Ó gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìṣẹ́, àyè náà kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ jù. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ ni wọ́n fi ń kun ìkọ́ ilẹ̀kùn kí wọ́n lè rí ibi tó ti ń kan irin tó yẹ kó há sí. Tí ilẹ̀kùn bá sì nílò kí wọ́n tì í síta díẹ̀, wọ́n á gé agolo mílíìkì pẹlẹbẹ, wọ́n á kì í sábẹ́ ibi tí wọ́n ti dè é. Ibẹ̀ ni ìjà wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Sídì, na àlùmọ́gàjí rẹ sí mi."

"Èwo? Èyí tí mo fi ń gé léèsì?"

"Kí ni léèsì fi yàtọ̀ sí agolo mílíìkì? Àwọn méjèèjì ló fẹ́lẹ́."

"Tí ẹ bá fi gé agolo, ẹ̀yin lẹ máa rán búbá Ìyá Ràmọ́tù parí o."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fi gé e. Lọ́dún kan, ọrùn búbá Ìyá Ràmọ́tù jẹ jágajàga bí ẹni pé eku ló gé e. Obìnrin náà wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ó sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé panẹ́bítà ló ránṣọ fún òun.

Ìyá Ràmọ́tù yìí, tó ń ta èlùbọ́ lójúde wa, òun ni olórí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọkọ mi kì í fún nọ́ọ̀tù ilẹ̀kùn le tán nígbà tí ọkọ̀ bá ṣì wà lórí òkúta. Ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi táyà sí i, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbi tó tẹ́jú, wọ́n á di àpò iyanrìn mẹ́jọ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì kígbe sí ọ̀dọ̀ wa pé:

"Ẹ wá jókòó o! Ọkọ̀ ti délẹ̀!"

Gbogbo àwa obìnrin ojúde náà á tú jáde, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀, márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́yìn. Àwa ni ẹrù. A ó jókòó síbẹ̀, ọkọ mi á sì máa yí ọkọ̀ náà ká pẹ̀lú ẹyọ ìgbálẹ̀ wọn, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á pa á dé, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì. Bí ẹrù bá ti dé orí ọkọ̀, gbogbo ohun tó dọ́gba tẹ́lẹ̀ lè má dọ́gba mọ́. Ìgbà tí a bá wà lórí rẹ̀ yẹn ni wọ́n tó ń fún nọ́ọ̀tù le.

"Ìyá Ràmọ́tù, ẹ sún sọ́tùn-ún díẹ̀."

"Kí n sún lọ síbo? Ṣé kí n jókòó lé ìyàwó yín lórí ni?"

"Ẹ̀yin nìkan tó àpò gààrí méjì, ẹ sì ń rọra jókòó bí àlejò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa!"

"Àpò gààrí kì í fèsì. Tó bá jẹ́ àpò gààrí lẹ fẹ́, ẹ lọ gbé àpò gààrí, kí n padà sídìí èlùbọ́ mi!"

A ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ á fi máa mì, ọkọ mi á sì bẹ̀ wá pé kí a dákẹ́, pé ẹyọ ìgbálẹ̀ wọn ti ṣẹ́. Tí ó bá parí, wọ́n á wà wá dé ojú títì, wọ́n á sì wà wá padà. Ẹni tó ni ọkọ̀ á ra àkàrà gbígbóná fún wa. Ọmọ ọwọ́ kì í gbẹ́yìn níbẹ̀. Wàsíù ti sùn lórí itan mi lórí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí n kò lè ka iye ìgbà.

Ṣùgbọ́n ọdún kan wà tí a kò jókòó. Oyún Wàsíù ni mo ní nínú nígbà náà, Sídì, àkọ́bí mi obìnrin, sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọ̀la ni Iléyá. Alhájì kan tó ń gbé nítòsí Akanran ló ni píkọ́ọ̀pù náà, wọ́n sì ti ra àgbò méje sílẹ̀ lọ́jà Mọ́níyà tí ọkọ̀ náà yóò kó wá bá wọn nílé. Àwọn táyà ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ̀ wọ́n, orí òkúta ni ọkọ̀ wà. Àwọn obìnrin wà nílé, wọ́n ń lọ ata, wọ́n ń kó ilé mọ́ de ọdún. Mo rí ọkọ mi tí wọ́n gbé sípánà, tí wọ́n ń fún nọ́ọ̀tù.

Mo ní, "Bàbá Sídì, a ò tíì jókòó sí i o."

Wọ́n ní, "Ọ̀la ni Iléyá. Ojú mi tó o."

N kò jiyàn. Ẹyọ ìgbálẹ̀ gba gbogbo etí ilẹ̀kùn náà kọjá, èmi alára rí i. Nígbà tí táyà dé, wọ́n kì wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n di àgbò méje sẹ́yìn, a sì gbéra, torí pé láti ọ̀dọ̀ Alhájì la ti fẹ́ kọjá sí abúlé tiwa. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún, mo gbé Sídì lẹ́sẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe wá títí a fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó sọ̀ kalẹ̀ sí odò, tí ọkọ̀ gbé sókè lẹ́ẹ̀kan tó sì balẹ̀.

Ilẹ̀kùn náà ṣí, kò tilẹ̀ dún. Sídì ti bọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ mi kí n tó mọ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ni mo rí mú. Mo fà á. Mo fi gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún mi fà á wọlé, mo sì gbọ́ tí igunpá rẹ̀ ké bí igi gbígbẹ. Táyà ẹ̀yìn ì bá ti gùn ún kọjá. Èmi ni mo gbà á là, èmi náà ni mo ṣẹ́ ẹ lápá. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn.

Ọkọ mi dúró. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì bá mi sọ̀rọ̀ bí wọn kò ṣe bá mi sọ̀rọ̀ rí.

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Mo bẹ̀ ọ́. Tí wọ́n bá gbọ́, kò sẹ́ni tó máa gbé ọkọ̀ wá fún mi mọ́ láyé."

Kò sí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà náà, àyàfi àgbò méje. Mo gbà. A sọ fún gbogbo èèyàn pé orí àkàsọ̀ ni Sídì ti ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá kan tó ń to eegun tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò nà tán mọ́.

Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ mi kò tún de ilẹ̀kùn kankan láìjẹ́ pé a jókòó. Bí òjò ń rọ̀, a ó jókòó. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá ń bínú, a ó jókòó. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, torí pé ẹni tó bá béèrè ìdí lè béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ wọn rò pé ọ̀gá kàn fẹ́ràn kí àwọn obìnrin máa rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù ni. Wọ́n gba òmìnira, wọ́n lọ, n kò sì tíì gbọ́ pé ẹnì kan nínú wọn ń kó obìnrin jókòó sínú ọkọ̀. Ìyá Ràmọ́tù ti kú. Àwọn yòókù wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn káàkiri. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù wa wà, àwọn tó ń tún fóònù ṣe ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ọkọ mi ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Píkọ́ọ̀pù tí wọ́n rà fúnra wọn nígbẹ̀yìn ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, koríko bò ó. Òun ni Wàsíù wọ́ lọ sí ilé rẹ̀ ní Alákìà. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń ráyè fún ọkọ̀ náà. Inú mi dùn nígbà náà. Mo rò pé ọmọ ń rántí bàbá rẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé tí Bàbá Ṣẹ́gun kìlọ̀ fún mi yẹn, tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba, èmi àti Sídì wọ ọkọ̀ lọ sí Alákìà. Aṣọ ni Sídì ń tà. Ẹlòmíràn ló máa ń bá a wé gèlè títí di òní. A bá Wàsíù nínú ọgbà. Ó ti gbé píkọ́ọ̀pù náà padà sórí búlọ́ọ̀kù, ó yọ táyà, ó ń fi àkísà nù ún. Àwọ̀ ewé ló kùn ún. N kò ní parọ́, ó rẹwà.

"Màámi! Ẹ ò tilẹ̀ pè kí ẹ tó máa bọ̀. Ṣé kò sí o?"

"Ilẹ̀kùn yẹn ṣí lánàá."

"Háà, Bàbá Ṣẹ́gun! Àwọn bàbá yẹn ò ní jẹ́ kéèyàn mí." Ó ju àkísà sílẹ̀. "Mo ti tún un ṣe láàárọ̀ yìí. Irin tí ìkọ́ ń há sí ni mo sún wọlé díẹ̀. Ẹ gbọ́." Ó pa á dé, ó dún "gbì". Ó yọ tépù lápò, ó nà án sí mi. "Ẹ̀yin télọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín."

Mo wọ̀n ọ́n. Mo wọ̀n ọ́n lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, mo wọn ti fẹ́ńdà àti ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó dọ́gba yípo. Ó dọ́gba ju ti bàbá rẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an ló sì dà mí láàmú, torí bẹ́ẹ̀ náà ló dọ́gba lọ́jọ́ tí a di àgbò méje sẹ́yìn ọkọ̀.

"Àwọn wo ló jókòó sínú rẹ̀ nígbà tí o fún nọ́ọ̀tù le?"

"Jókòó kẹ̀? Orí búlọ́ọ̀kù ló wà, Màámi."

"Bàbá rẹ máa ń kó wa jókòó sí i."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Eré nìyẹn o! Àwọn Ìyá Ràmọ́tù pẹ̀lú àkàrà? Mo rántí dáadáa. Gbogbo fídíò tí mo wò lórí fóònù, kò sí ibi tí wọ́n ti kó àwọn ìyá àgbà sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó de ilẹ̀kùn."

Báálù kan ń balẹ̀ ní pápákọ̀ Alákìà, ariwo rẹ̀ gba gbogbo ọgbà. Bí a ṣe ń dúró kó kọjá, Àmínà sáré jáde láti inú ilé, ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó sì fi àyà wọ́ gòkè bí alángbá. Ó pariwo, "Ìyá àgbà, ibí ni tèmi!" Ó yọ ọwọ́ síta lójú wíńdò.

Mo ti ṣèlérí fún ọkọ mi, mo sì ti pa á mọ́ ju ogójì ọdún lọ. Mo wo ọwọ́ ọmọ náà, mo sì sọ ọ́.

"Wàsíù, kì í ṣe orí àkàsọ̀ ni Sídì ti ṣubú."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti òkúta, ti àgbò, ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àti ohùn tí igunpá ké. N kò lè wo ojú Sídì. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Màámi, mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Bàbá sọ fún mi nígbà tí wọ́n ń ṣàìsàn. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo mọ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fà mí, pé ẹ máa ń dá ara yín lẹ́bi lóru."

Mo wá táyà kan jókòó lé. Ọdún mọ́kànlá ni ọmọ yìí fi gbé e lọ́kàn nítorí mi, èmi náà ń gbé e nítorí tirẹ̀.

Nígbà tó yá, mo bi í pé, "Ṣé wọ́n sọ ìdí tí ilẹ̀kùn náà fi ṣí fún ọ?"

"Rárá o. Ẹkún ni wọ́n ń sun."

Wàsíù kò bá mi jiyàn mọ́. Ó gbé Àmínà sọ̀ kalẹ̀, ó kì táyà bọ ọkọ̀, ó fi jáàkì sọ̀ ọ́ kúrò lórí búlọ́ọ̀kù. A wá obìnrin ní àdúgbò náà tì. Gbogbo wọn ló wà níbi iṣẹ́ ajé wọn. Ìyàwó rẹ̀ àti Sídì gun ẹ̀yìn, ó di àpò iyanrìn mẹ́wàá tì wọ́n, èmi sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà. Orúnkún mi dùn mí bí mo ṣe ń gòkè. Ó mú ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì. Lókè, kò wọlé rárá. Nísàlẹ̀, ó gba mẹ́ta. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kun ìkọ́, ó pa á dé, ó ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ibi tí ìkọ́ náà ti há kò ju ìbú èékánná ọmọdé lọ.

Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbìyànjú nǹkan kan. Ó sún mi sọ́hùn-ún, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilẹ̀kùn náà ṣí gbayawu.

Wàsíù dúró síbẹ̀, ó di etí ọkọ̀ náà mú. "Gbé Àmínà wọlé," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ó tú u palẹ̀ láti ẹ̀yìn. Rọ́bà abẹ́ ilé awakọ̀ lápá ọ̀tún ti rà di ẹrẹ̀, ọ̀dà tuntun ló bò ó mọ́lẹ̀; ìyẹn ni ilé awakọ̀ fi ń tẹ̀ sọ́tùn-ún bí ẹrù bá ti gun ọkọ̀, tí ìkọ́ ilẹ̀kùn kò sì fi há tán. Iṣẹ́ náà kò parí kí Iléyá tó dé. Ọkọ̀ èrò ló kó àwọn ọmọ dé abúlé, Àmínà sì kọ̀ láti kí mi.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí ọkọ̀ Dádì má gbé wa."

"Èmi ni," mo dá a lóhùn.

Ó fi ẹ̀yìn kọ mí títí wọ́n fi pín ẹran. Mo ń wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fa eegun ya, ìyẹn sì tó mi lọ́dún.

Wàsíù ti tún ilẹ̀kùn náà de báyìí, pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀, ó sì há dáadáa. Síbẹ̀, n kò tíì gbà kí wọ́n gbé ọmọ sí i. Bóyá n kò ní gbà láéláé. Wọ́n ní àyà mi ti já jù, kò burú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe: ẹ má fún nọ́ọ̀tù ilẹ̀kùn le nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí búlọ́ọ̀kù. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, ẹ di ẹrù sí i, kí àgbàlagbà jókòó sínú rẹ̀, kí ẹ tó de ilẹ̀kùn náà. Tó bá sì ṣí fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ má gbé ọmọ ẹnikẹ́ni sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ẹ ó fi mọ ohun tó ṣí i.